Ṣíṣe Iná Háídírójìn Láti Inú Omi Láìfẹ̀mí Wewu

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ gbogbo, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ pè mí wá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni bí ènìyàn ṣe lè fi iná mànàmáná tú omi sí gáàsì méjì tó para pọ̀ di omi, ìyẹn háídírójìn àti ọ́síjìn, kí ó sì fi gáàsì náà dá ọwọ́ iná tó gbóná tó láti yọ́ wúrà, láti jó wáyà tín-ín-rín pọ̀, tàbí láti mú etí ike tó mọ́ gaara dán. Sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àpótí tí omi ti ń túká, ni àwọn ènìyàn sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè nípa rẹ̀: irú irin wo ni kí á lò, mélòó ni kí á tò, fólítì mélòó ni kí á fún un? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbangba pé apá tó rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà nìyẹn. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ọ̀nà tí gáàsì ń gbà láti inú sẹ́ẹ̀lì dé ẹnu ibi tó ti ń jó, nítorí pé ọ̀nà yìí kan náà ni iná lè gbà padà wọlé. Nítorí náà, láti ẹnu iná ni n ó ti máa bọ̀ wá sí inú sẹ́ẹ̀lì, mo sì ń bẹ̀ yín pé, bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí ẹ tò ó.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1800, kété tí ìròyìn bátìrì tí Alessandro Volta ṣe dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Nicholson àti Anthony Carlisle ti wáyà méjì bọ inú omi, wọ́n sì rí i pé gáàsì ń hó jáde. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Robert Hare, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, fi háídírójìn àti ọ́síjìn dá iná tó gbóná ju iná èyíkéyìí tí wọ́n mọ̀ nígbà náà. Kì í ṣe inú omi ló ti rí gáàsì tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí á kíyè sí ni pé ọ̀tọ̀ ló tọ́jú háídírójìn, ọ̀tọ̀ ló tọ́jú ọ́síjìn, ẹnu iná ni àwọn méjèèjì ti ń pàdé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Edward Daniel Clarke, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Cambridge, po gáàsì méjèèjì pọ̀, tó sì fún wọn mọ́ inú àpótí kan ṣoṣo kí iná tirẹ̀ lè le sí i. Iná náà le lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpótí a máa bú gbàmù. Ohun tí wọ́n fi gbà á sílẹ̀ ni ohun èlò kékeré kan tí James Cumming, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́místrì níbẹ̀, dábàá: kí gáàsì kọ́kọ́ gba inú nǹkan olómi kọjá kí ó tó dé ẹnu iná. Gbogbo ohun tí mo ní í sọ lónìí wà láàárín ọ̀nà Hare àti ọ̀nà Clarke.

Kí ló dé tí gáàsì yìí fi le tó bẹ́ẹ̀? Gáàsì ìdáná lásán kò lè jó nínú páìpù tirẹ̀, nítorí pé kò sí ọ́síjìn níbẹ̀. Ìta ló ti ń bá afẹ́fẹ́ pàdé kí ó tó lè jó. Ṣùgbọ́n gáàsì tó jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì tí kò pín in sọ́tọ̀ ti gbé ọ́síjìn tirẹ̀ dání, ó sì gbé e dání ní ìwọ̀n pípé, háídírójìn méjì sí ọ́síjìn kan. Kò dúró de afẹ́fẹ́ kankan. Ibi gbogbo tó bá wà, ìbáà ṣe inú rọ́bà, inú ike tàbí òkè omi nínú sẹ́ẹ̀lì, ló ti lè jó. Bí háídírójìn bá bọ́ sínú afẹ́fẹ́ lásán, ó lè gbiná láti ìgbà tó bá ti di ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún títí dé ìdá 75, bẹ́ẹ̀ ni agbára ẹ̀ta iná tó lè ràn án kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tí èéfín pẹtiróòlù ń béèrè. Nínú ọ́síjìn pọ́ńbélé, ó tún rọrùn láti ràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣọ ọ̀rá tí ènìyàn bọ́ lọ́rùn tó sì ta párá nínú òkùnkùn ti tó o.

Ìyára rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù. Ọwọ́ iná gáàsì ìdáná nínú afẹ́fẹ́ kì í rìn tó ìdajì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti háídírójìn tó po mọ́ ọ́síjìn ní ìwọ̀n pípé tó bíi mítà 10. Èyí tún jẹ́ nígbà tí ó bá ń jó jẹ́ẹ́. Bí ó bá rí páìpù gígùn tó sì yí jíjó rẹ̀ padà di ìbúgbàmù gidi, ó lè sáré tó mítà 2,800 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó ju ìlọ́po mẹ́jọ ìyára ohùn nínú afẹ́fẹ́ lọ. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó láti ti fáàfù kí irú iná bẹ́ẹ̀ tó dé. Ohun tí yóò dá a dúró gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ kí iná tó ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá bẹ̀rẹ̀ láti nósù, ìyẹn ihò tóóró tí gáàsì ń gbà jáde. Ìṣirò rẹ̀ kò le, mo sì fẹ́ kí á ṣe é pa pọ̀, nítorí pé ẹni tó bá lóye rẹ̀ kò tún ní fi ojú díwọ̀n nósù mọ́. Bí ámpìà kan, ìyẹn ìwọ̀n bí iná mànàmáná ṣe ń ṣàn tó, bá gba inú sẹ́ẹ̀lì kan kọjá fún ìṣẹ́jú kan, àròpọ̀ gáàsì méjèèjì tí a ó rí jẹ́ bíi mìlílítà 11.4 nínú ooru yàrá lásán. Òfin tí Michael Faraday gbé kalẹ̀ láàárín 1833 sí 1834 ló fi èyí múlẹ̀, kò sì sí irin pàtàkì tàbí ìtò àràmàǹdà tó lè mú un pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká wí pé a to sẹ́ẹ̀lì 6 tẹ̀ léra, tí ámpìà 10 sì ń gba inú gbogbo wọn kọjá: gáàsì tí yóò máa jáde á tó bíi mìlílítà 680 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn díẹ̀ lé ní mìlílítà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ihò nósù bá fẹ̀ ní ìdajì mìlímítà, gáàsì náà yóò máa fi ìyára bíi mítà 58 ní ìṣẹ́jú àáyá tú jáde. Ọwọ́ iná tó ń rìn ní mítà 10 kò lè wọ inú irú ìjì bẹ́ẹ̀. Ìta ni yóò dúró sí. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ ihò yẹn di mìlímítà kan, ìyára gáàsì á já sí mítà 14, ó sì ti súnmọ́ ewu jù, pàápàá nígbà tí ó jẹ́ pé gáàsì tó ń fẹsẹ̀ ra ògiri ihò máa ń lọ́ra ju ti àárín lọ. Ní mìlímítà kan ààbọ̀, mítà 6 ló kù. Iná á yí padà, á wọlé.

Ẹ tún wo apá kejì ìṣirò yẹn. Nósù olójú ìdajì mìlímítà tó dára ní ámpìà 10 kò dára mọ́ bí iná mànàmáná bá rẹ̀ sílẹ̀ dé ámpìà 2, nítorí pé ìyára gáàsì ti di mítà 11 àti díẹ̀. Ìdí nìyí tí iná fi sábà máa ń padà sẹ́yìn nígbà méjì pàtó: nígbà tí a bá ń tan án kí gáàsì tó kún ọ̀nà, àti nígbà tí a bá pa súwíìṣì tí ọwọ́ iná sì ṣì ń jó. Pípa súwíìṣì dà bí ẹni pé ó jẹ́ ohun tó bọ́gbọ́n mu jù ní àkókò ìdẹ́rùbà, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń pe iná wọlé. N ó padà sórí bí a ṣe ń pa á.

Lẹ́yìn nósù ni adènà iná. Humphry Davy fi hàn ní 1815, nígbà tó ń ṣe àtùpà fún àwọn awakùsà, pé ọwọ́ iná kò lè la àárín asẹ́ wáyà tó há kọjá, nítorí pé irin á ti fa ooru rẹ̀ gbẹ kí ó tó dé òdìkejì. Ìlànà yìí náà ni adènà iná ń lò, ṣùgbọ́n háídírójìn kì í ṣe ẹgbẹ́ gáàsì inú ihò kùsà. Nínú afẹ́fẹ́ lásán pàápàá, àlàfo bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mìlímítà ti tó fún un láti yọ́ kọjá, nínú ọ́síjìn pọ́ńbélé àlàfo tó kéré jù bẹ́ẹ̀ ti tó. Nítorí náà, asẹ́ tí ènìyàn fi ojú lásán rí ihò rẹ̀ kì í ṣe adènà rárá. Ohun tí à ń wá ni ègé irin tí wọ́n fi ìyẹ̀fun irin tẹ̀ pọ̀ tó fi le, èyí tí ihò inú rẹ̀ kò ṣeé fojú rí, tí ẹni tó ṣe é sì kọ ọ́ sí i lára pé àpòpọ̀ háídírójìn àti ọ́síjìn ni ó wà fún. Èyí tí wọ́n ń tà fún gáàsì ìdáná kò tó. Àwọn kan máa ń rà fáàfù ọlọ́nà kan, wọ́n á ní adènà nìyẹn. Kì í ṣe òun. Fáàfù ọlọ́nà kan wúlò láti má jẹ́ kí omi fà padà sínú sẹ́ẹ̀lì nígbà tí ó bá tutù, ṣùgbọ́n iná á ti kọjá kí sípíríǹgì inú rẹ̀ tó mọ̀ pé àlejò dé.

Kí ẹ sì má fi ọkàn tán adènà irin nìkan, ó lè dí, ó lè fọ́. Ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni ìran ohun tí Cumming dábàá fún Clarke: ike omi. Gáàsì á wọlé láti ìsàlẹ̀, á fọ́ sí ìfófòó kéékèèké, á la omi kọjá, á wá jáde lókè lọ sí nósù. Bí iná bá padà, òkè omi ni yóò ti jó tán, nítorí pé omi ti gé gáàsì sí wẹ́wẹ́, kò sí okùn tí iná lè tẹ̀ lé lọ sí inú sẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí èyí ń béèrè. Ìfófòó gbọ́dọ̀ máa ya ara wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí gáàsì bá ń ru gùdù bí ọ̀wọ̀n kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè, afárá lẹ kọ́ fún iná yẹn. Omi gbọ́dọ̀ jìn dáadáa lókè ẹnu páìpù, ara ike náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a lè fi ojú rí ibi tí omi dé, kí a sì ti fa ìlà sí i. Kí a wò ó kí a tó tan iná, ní gbogbo ìgbà.

Àyè òfìfo tó wà lókè omi ni ọ̀pọ̀ kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ òun ni ìwọ̀n bọ́ǹbù tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Lítà kan gáàsì yìí gbé agbára tó kìlójúùlù 6 àti díẹ̀, ìyẹn ni agbára òkúta oníkìlógíráàmù kan tó já láti òkè tó ga ju 600 mítà lọ, gbogbo rẹ̀ á sì tú jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá tí kò ṣeé kà. Nínú àyè mìlílítà 50, ariwo ni, ìdérí á fò. Nínú ike lítà méjì tí omi rẹ̀ kò ju ìdajì lọ, ènìyàn lè fọ́jú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí òkè omi kéré tó bí ó bá ti lè kéré tó, kí ìdérí ike náà jẹ́ èyí tí a tẹ̀ mọ́ ọn lásán tí yóò ṣí fúnra rẹ̀ bí ìfúnpá bá ga, kí ẹnu rẹ̀ má sì kọjú sí ẹnikẹ́ni. Ìgò gíláàsì kò bọ́ sí i. Páìpù ike funfun líle tí wọ́n fi ń fa omi sínú ilé kò bọ́ sí i, torí pé ṣe ló ń fọ́ yángá bí àwo, èérún rẹ̀ a sì máa gúnni bí ọ̀bẹ. Ike tó nípọn tó sì rọ̀ díẹ̀, tó jẹ́ pé yíya ló máa ń ya, ló dára. Kí a sì gbé ìbòjú líle kan sí àárín òun àti ènìyàn.

Láti inú ohun tí mo sọ yìí, ẹ ó ti rí i pé fífún gáàsì pọ̀ mọ́ inú àgbá, tàbí kíkó o sínú báálúù, rọ́bà táyà tàbí ohunkóhun láti tọ́jú rẹ̀ de ọ̀la, kò sí nínú iṣẹ́ yìí rárá. Bí gáàsì bá ṣe ń jáde ni kí ó máa jó. Ẹ̀rọ tó bá ń ṣe gáàsì ju èyí tí nósù ń jó lọ ti di nǹkan mìíràn.

Ọ̀nà kan wà tó yọ ọ̀pọ̀ nínú àníyàn wọ̀nyí kúrò, ó sì yà mí lẹ́nu pé ìwọ̀nba ènìyàn ló ń tọ̀ ọ́: kí a má ṣe jẹ́ kí gáàsì méjèèjì pàdé nínú ẹ̀rọ rárá. A ó fi aṣọ líle tí omi lè rin àmọ́ tí ìfófòó kò lè là kọjá pín sẹ́ẹ̀lì sí méjì, háídírójìn á gba ọ̀nà tirẹ̀, a ó sì jẹ́ kí ọ́síjìn jáde lọ sínú afẹ́fẹ́ gbangba, jìnnà sí òróró àti aṣọ, torí pé nǹkan tó bá rin gbingbin fún ọ́síjìn a máa jó kíkan. Háídírójìn nìkan ni yóò lọ sí nósù, inú afẹ́fẹ́ ni yóò sì ti jó. Iná rẹ̀ kò ní tó ti àpòpọ̀ náà: àpòpọ̀ lè tó bíi 2,800°C, èyí á wà ní bíi 2,100°C. Ṣùgbọ́n fàdákà ń yọ́ ní 962°C, wúrà ní 1,064°C, bàbà ní 1,085°C. Pùlátínọ́ọ̀mù pàápàá kò ju 1,768°C lọ. Kí ni ẹni tó ń jó ẹ̀gbà ọrùn pọ̀ fẹ́ fi ìyókù ṣe? Fún ẹni tó bá ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀nà yìí ni mo fọwọ́ sí.

Síbẹ̀, pínpín náà ní òfin tirẹ̀. Aṣọ inú sẹ́ẹ̀lì lè ya, omi apá kan sì lè ga ju ti èkejì lọ tí gáàsì yóò fi fò kọjá sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. A ní ọ̀nà tí à ń gbà dán an wò, ó sì ti pẹ́ nínú yàrá kẹ́místrì àwọn ilé ẹ̀kọ́. Ẹ da ojú gíláàsì kékeré kan tí kò gbà ju mìlílítà 20 lọ bolẹ̀, kí ẹ gba háídírójìn sínú rẹ̀ láti abẹ́ omi, kí ẹ fi ìka dí i lẹ́nu, kí ẹ gbé e jìnnà pátápátá sí ẹ̀rọ, kí ẹ tó sún un mọ́ iná àbẹ́là. Bí ó bá jó jẹ́ẹ́ tó jẹ́ pé èémí kékeré lẹ gbọ́, gáàsì náà mọ́. Bí ó bá ta gbáà tàbí tó sú fèrè, afẹ́fẹ́ tàbí ọ́síjìn ṣì wà níbẹ̀, ẹ kò gbọ́dọ̀ tan nósù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó máa ń ta gbáà, torí afẹ́fẹ́ tó wà nínú rọ́bà tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí gáàsì máa ṣàn títí yóò fi dákẹ́.

Ní ti sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, n kò ní í pẹ́ níbẹ̀. Irin tí kì í dípatà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 316L, tàbí níkẹ̀lì, ni à ń lò, a kì í lo alumíníọ̀mù, nítorí pé kọ́sítíìkì sódà á jẹ ẹ́ tán. Omi lásán kì í gbé iná mànàmáná dáadáa, nítorí náà a ó po kọ́sítíìkì sódà tàbí pọ́táṣíọ̀mù háídírọ́ksáìdì mọ́ omi tí a sè, tí a gba ooru rẹ̀ kí ó tó tún di omi. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa fi kún un títí ámpìà yóò fi dé ibi tí a fẹ́. Iyọ̀ ìsebẹ̀ ni ó wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, òun náà ló sì léwu jù: gáàsì kúlórínì tó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró ni yóò tú jáde, yóò sì tún jẹ irin náà débi pé omi yóò di àwọ̀ ìyeyè tó ní kurómíọ̀mù olóró nínú. Kọ́sítíìkì kì í tán bí gáàsì ṣe ń jáde; omi nìkan ló ń dínkù, ẹ̀rọ tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ kò sì ní mu ju bíi gíráàmù 20 lọ ní wákàtí kan, nítorí náà omi lásán ni kí a máa fi dí i. Nígbà tí a bá ń pò ó, inú omi ni à ń da kọ́sítíìkì sí, a kì í da omi lé kọ́sítíìkì, torí pé ooru rẹ̀ lè mú kí ó hó tàn sí ojú. Gíláàsì tó bo ojú yíká àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ níbi iṣẹ́ yìí. Bí ó bá ta sí ojú, omi tó ń ṣàn ni kí a fi ṣan án, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú 20, kí a sì gba ilé ìwòsàn lọ. Kì í ṣe ohun tí à ń wò títí di ọjọ́ kejì, ó lè fọ́ni lójú.

Iná mànàmáná tí a ó fi tú omi gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí tíráńsífọ́mà ti ya sọ́tọ̀ kúrò lára iná inú ilé. Àwọn kan máa ń so díóòdù, ìyẹn ohun kékeré tí kì í jẹ́ kí iná mànàmáná gba ju ọ̀nà kan lọ, mọ́ iná ilé tààrà láìsí tíráńsífọ́mà. Gbogbo omi inú ẹ̀rọ ti di wáyà nìyẹn, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lè kú kí gáàsì kankan tó jáde. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń béèrè bíi fólítì 2, torí náà mẹ́fà tó tẹ̀ léra á lo fólítì 12. Bí omi bá ṣe ń gbóná, ọ̀nà á túbọ̀ máa là fún iná mànàmáná, ámpìà á máa ròkè, ooru náà á máa ròkè. Ẹ lo ẹ̀rọ tí ń dá ámpìà dúró sí ojú kan, kí ẹ fi fíúsì sí i, kí ẹ sì dá iṣẹ́ dúró bí ara sẹ́ẹ̀lì bá ti ń jóni lọ́wọ́. Súwíìṣì gbọ́dọ̀ jìnnà sí gáàsì. Gbogbo ibi tí a so wáyà mọ́ gbọ́dọ̀ di pinpin pẹ̀lú nọ́ọ̀tì, nítorí pé wáyà tó ń mì á ta iná párá lórí ibi tí gáàsì ń gbà yọ.

Ìṣirò yìí náà ló tú àṣírí àwọn tó ń sọ pé ọkọ̀ lè fi omi rìn. Ẹ̀rọ wa ń jẹ wáàtì 120, ìyẹn fólítì 12 ní ọ̀nà ámpìà 10, ooru tí a sì ń rí padà nínú ọwọ́ iná jẹ́ bíi wáàtì 75. Àdánù ni, kì í ṣe èrè. Ohun tí à ń sanwó fún ni iná tó mú, tó kéré, tó ṣeé darí. Stanley Meyer, ará Amẹ́ríkà tó ní òun ti rí ọ̀nà mìíràn gbà, ilé ẹjọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Ohio sọ ní 1996 pé jìbìtì ló fi lu àwọn tó kówó lé e.

Ó ku bí a ṣe ń tan án àti bí a ṣe ń pa á. Ìta gbangba ni ibi iṣẹ́, tàbí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé láti ìsàlẹ̀ tó sì ń jáde láti òkè, nítorí pé háídírójìn fúyẹ́, àjà ló máa ń sá sí, kò sì ní òórùn tí yóò fi ta wá lólobó. Omi ọṣẹ ni à ń fi wá ibi tó ń jò, a kì í fi iná wá a. Nínú oòrùn, ojú lè má rí ọwọ́ iná náà rárá, kì í sì í gbóná sí ni lára láti ẹ̀gbẹ́ bí iná igi, nítorí náà igi gbígbẹ tín-ín-rín ni kí a fi wádìí ibi tó wà, kí ó má ṣe jẹ́ ìka. Bí ó bá hàn, ó yẹ kí ó rí bí àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ bá ṣàkíyèsí pé iná náà ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láìtíì kan ohunkóhun, ìfófòó kọ́sítíìkì ló ń bá gáàsì rìn dé nósù, ó túmọ̀ sí pé ike omi kò ṣiṣẹ́ rẹ̀, èéfín tó ń tẹ̀ lé e kò sì dára fún ọ̀fun. Ẹ pa á, kí ẹ wá ìdí rẹ̀. Ẹ má sì kúrò nídìí rẹ̀ nígbà tó bá ń jó, torí pé ẹni tó bá gbé iná sórí òrùlé kì í sùn.

Pípa rẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti súwíìṣì. Ẹ gbé agolo omi kan sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ yín láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́; nígbà tí ẹ bá ṣe tán, ẹ ti nósù bọ inú omi náà nígbà tí gáàsì ṣì ń tú jáde kíkankíkan. Ọwọ́ iná á kú ní ojú ẹsẹ̀, ìfófòó á máa jáde sínú agolo. Ìgbà náà ni kí ẹ wá pa súwíìṣì, kí ẹ sì tètè yọ nósù kúrò nínú omi kí sẹ́ẹ̀lì tó ń tutù má baà fà á mu. Bí súwíìṣì bá ti kú, gáàsì tó kù lókè omi nínú sẹ́ẹ̀lì àti nínú ike ṣì wà níbẹ̀, kò sì ní í lọ fúnra rẹ̀ títí di òwúrọ̀. Ẹ ṣí ìdérí méjèèjì ní ìta, kí ẹ rọ omi sínú wọn títí yóò fi kún dé ẹnu, kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ náà wọlé. Bí ó bá di ọjọ́ iṣẹ́ mìíràn, a ó da èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà sínú ike rẹ̀ tí a ti kọ orúkọ kọ́sítíìkì sí lára, tí a gbé sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.